Ìlà Kẹfà Nínú Ìwé Akọ̀wé

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà Bọ́látitó," Akọ̀wé tún wí láti ara ògiri. Ìgbà kẹta nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà. "Aláìsàn bẹ́ẹ̀dì keje kò tíì ní okùnfà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ ọ̀kan."

Mo bú u sínú. Ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ yẹn ní ìkíni ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: ó mọ ẹ kú òjò, ó mọ ẹ kú ọ̀fọ̀, ó mọ ẹ kú ewu ọmọ. Ohun tí wọn ò kọ́ ọ ni bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Gíláàsì dúdú lásán ni, kò fẹ̀ ju àtẹ ìjẹun lọ, ìlà márùn-ún ló sì wà lójú rẹ̀: òkúta, ọtí, ọ̀rá, ìfarapa, àìsàn ìran. Kò sí dókítà kan ní gbogbo ìlú Orí-Àpáta tí kò lè ka márààrún lójú oorun. Ìlà kejì ti ń tàn pupa láti agogo méje. Akọ̀wé ti yan èyí tó wù ú, ìka mi nìkan ló ń dúró dè.

Obìnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì keje ti ká ara rẹ̀ síwájú, ó fi orókún kan àyà, ó gbá ìrọ̀rí mọ́ ikùn. Bí ẹni tí páńkíríà rẹ̀ bá wú ṣe máa ń jókòó nìyẹn, torí pé bí ó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ìrora náà á gba inú já sí ẹ̀yìn. Páńkíríà ni ẹran pẹlẹbẹ tó sùn sẹ́yìn ikùn, tó ń tú omi tí oúnjẹ fi ń dà. Bí ó bá wú, omi náà kì í dúró de oúnjẹ mọ́, ẹran ara rẹ̀ gan-an ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Mo ti rí i tó pa ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Alhaja Múníbátù sì nìyí, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ìyá oníkéwú ní àdúgbò Ẹ̀pẹ́ Tuntun. Wọ́n ti gbé e dé láti alẹ́ àná.

"Kí ló ń tàn níbẹ̀ yẹn, Dókítà?" ó bi mí. "Ojú mi ò ríran dé ibẹ̀."

Mo ronú láti parọ́, àmọ́ kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń parọ́ fún. "Ọtí ni, Mà."

"Ọtí bíi ti kí ni?"

"Ọtí mímu."

Ó gbé orí sókè tìrora tìrora. "Èmi Múníbátù? Èmi tí mo máa ń gbóòórùn àgbo kí n tó mu ún, kó má lọ jẹ́ pé ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́?" Ó fẹ́ sọ síwájú sí i, àmọ́ èébì gbé e. Mo gbé báálì sábẹ́ ẹnu rẹ̀. Omi aláwọ̀ ewé ló ń jáde, kò sí oúnjẹ kankan nínú rẹ̀ mọ́.

Bí mo bá tẹ ọtí, mo mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé e. Láti ìgbà tí òkun ti gba etíkun, tí gbogbo wa gòkè wá sínú odi yìí, ọkà kò tó wa jẹ, ẹni tó bá sì sọ ọkà di ọtí ti jalè lẹ́nu àwọn ọmọdé. Wọn óò ka orúkọ rẹ̀ lórí gbohùngbohùn lọ́jọ́ Jímọ̀ àti lọ́jọ́ Àìkú. Kò ní kọ́ ọmọ ẹnikẹ́ni ní kéwú mọ́ láé. Ẹ̀yìn ìyẹn, wọn óò máa tọ́jú rẹ̀ lọ, agogo méjìlá yóò sì lù bó ṣe ń lù lójoojúmọ́.

Mo ti tẹ ọtí fún èèyàn mẹ́rin rí. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ díákónì ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ó bú sẹ́kún níwájú mi, mo sì sọ nínú ọkàn mi pé àwọn ọ̀mùtí mọ ẹkún í sun. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo wí.

Agogo mẹ́sàn-án ti kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Mo tún wo àwòrán inú rẹ̀ látòkè délẹ̀. Àpò òróòro mọ́ tónítóní, kò sí òkúta. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Kò ṣubú, ẹnikẹ́ni ò lù ú, àìsàn náà ò sì sí nínú ìran rẹ̀. Ìdí tí Akọ̀wé fi mú ọtí nìyẹn, nítorí pé ó ti pa mẹ́rin rẹ́, ọtí ló kù.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé mo ti tọ́jú obìnrin yìí rí. Ní ọdún tó kọjá, ó wá pẹ̀lú àìsàn yìí kan náà, èmi fúnra mi ni mo sì tẹ ọ̀rá fún un. Ìtunu Ààwẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nígbà náà, mo sì rò ó pé ẹran àgbò ló jẹ lájẹjù. N kò wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀lẹ ni mí lọ́jọ́ yẹn, kò sí orúkọ mìíràn tí mo lè pè é. Ìtunu tún ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lọ́dún yìí náà.

Sìkírátù, ọmọ Alhaja, wọlé pẹ̀lú báàgì. Obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta ni, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù ìyá rẹ̀ jáde: bútà, ìbòrí funfun, aṣọ ìlekè, àti agolo súìtì àtijọ́ kan.

"Bá mi mú tẹ̀sùbáà mi," Alhaja wí. Nígbà tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó pariwo. "Kì í ṣe inú ìyẹn!"

Sìkírátù ti ṣí i. Tẹ̀sùbáà bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, oògùn funfun mẹ́ta sì yí jáde tẹ̀ lé e, olúkúlùkù pẹ̀lú ìlà búlúù kan láàárín.

Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń gbé oògùn yẹn mì, n kò rí i lórí aṣọ rí. Ààbò ni wọ́n ń pè é. Láti inú ẹ̀rọ ló máa ń bọ́ sórí ahọ́n, bí agogo méjìlá ọ̀sán bá ti lù, Ojú, kámẹ́rà tó wà lórí ẹ̀rọ náà, yóò sì wo inú ẹnu rẹ dáadáa kó tó jẹ́ kí o lọ. Ààbò ni kò jẹ́ kí ibà ẹrẹ̀ pa wá tán. Mo da àtẹ́lẹwọ́ bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Sìkírátù, bá mi ti ilẹ̀kùn yẹn," mo wí. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má pe orúkọ ẹni orí ògiri yẹn o." Akọ̀wé kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ wa àfi tí ó bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀tọ́ kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ àwa dókítà jà fún tí a sì rí gbà nìyẹn.

Mo fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì. "Alhaja, báwo ni oògùn ṣe dé inú agolo?"

Ó ki ọwọ́ sẹ́nu, ó yọ eyín òkè rẹ̀, ti àtọwọ́dá. "Abẹ́ rẹ̀ fẹ̀," ni ó wí, ọ̀rọ̀ náà ń jáde pẹ̀lú atẹ́gùn. "Bí Ojú bá ní kí n la ẹnu, mo máa là á. Á wo abẹ́ ahọ́n, á wo ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kò mọ̀ pé mo ní àjà lókè."

"Màámi!" Sìkírátù ké.

"Dákẹ́. Ṣé mo jí nǹkan ni?" Ó dá eyín padà. "Dókítà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé tẹ́lẹ̀, àsìkò ìṣínu ni wọ́n ń fún àwa aláàwẹ̀. Ọdún tó kọjá ni Ìgbìmọ̀ ìlú ní kò sí ìyàtọ̀ mọ́, pé gbogbo ẹnu gbọ́dọ̀ là lágogo méjìlá. Àwọn àfáà kan ní kò burú, ká ka ara wa sí aláìsàn. Mo ní n kò ṣàìsàn. Aláìsàn ni Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún. Èmi tí ara mi le koko, kí ni mo fẹ́ sọ fún Un?"

"Ẹ wá ń tu ú sínú agolo."

"Fún ọgbọ̀n ọjọ́. Ọgbọ̀n ni."

"Kí ló dé tó fi ku mẹ́ta?"

Ó wò mí bí ó ti máa ń wo ọmọ kéwú tí kò gbọ́ra. "Mo ń san án ni. Ẹni tí ààwẹ̀ ọjọ́ kan bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé kò ní san án ni? Oògùn ìlú ni, wọ́n fún mi kí n lò ó, n kò lè sọ ọ́ nù. Láti ọjọ́ kejì Ìtunu, mo ń gbé ti òní mì lọ́sàn-án, mo sì ń gbé ọ̀kan nínú ti ààwẹ̀ mì tí mo bá ti kírun alẹ́. Ó ku mẹ́ta kí n parí kí èyí tó gbé mi ṣubú."

"Ọdún tó kọjá ńkọ́?"

"Ó ku mẹ́jọ lọ́dún tó kọjá. Mo san ìyẹn nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ yín."

Mo ní kó sọ bí inú rẹ̀ ti rí láàárín ọdún méjèèjì. Ó ní láti ṣáájú ààwẹ̀ ọdún tó kọjá ni inú ti ń run òun díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, lẹ́yìn agogo ọ̀sán, lábẹ́ àyà níbi kan náà. Ó ní òun gbà á pé ọjọ́ orí ni.

"Nínú ààwẹ̀ nìkan ni mo máa ń sinmi," ó wí. "Láti ọjọ́ kẹta, kò ní run mí mọ́ rárá títí di Ìtunu. Alùbáríkà ààwẹ̀ ni mo pè é. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kéwú mi."

Mo dìde, mo lọ dúró lójú fèrèsé. Kí n má parọ́, ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi. Ó dá oògùn dúró, ara rẹ̀ yá. Ó padà sí i ní ìlọ́po méjì, ó ṣubú. Ọdún yípo, ó tún dá a dúró, ara tún yá, ó padà sí i, ó tún ṣubú. Kò sí ilé ìwòsàn kan nínú odi yìí tí ì bá dán irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ wò lára èèyàn. Obìnrin yìí ti dán an wò lára ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ó jẹ́ olóòótọ́. Díákónì tó ń sunkún níwájú mi ńkọ́, kí ni ó ń gbé mì lójoojúmọ́ bí kò ṣe Ààbò? Kí ni gbogbo wa ń gbé mì?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi tí ń kán sí apá Alhaja, ìgò kékeré kan wà tí kò ga ju àtàǹpàkò lọ. Ààbò olómi nìyẹn, ti àwọn tí kò lè gbé nǹkan mì. Bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀ ni yóò tú u sínú iṣan lágogo méjìlá. Nọ́ọ̀sì kan gé okùn rẹ̀ fún aláìsàn rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀dì fọn fèrè, wọ́n fi okùn mìíràn sí i, wọ́n sì lé nọ́ọ̀sì náà jáde. Bí páńkíríà tó ti wú báyìí bá tún gba oògùn yẹn lọ́sàn-án òní, Alhaja kò ní rí òwúrọ̀ ọ̀la. Mo mọ̀ ọ́n dájú.

Agogo mẹ́wàá àbọ̀ ti lù. Mo bọ́ síwájú gíláàsì.

"Akọ̀wé."

"Ẹ kú àárọ̀, Dókítà. Ẹ kú ìrònú o."

"Bí okùnfà bá jẹ́ oògùn ńkọ́?"

"Oògùn kò sí nínú ìlà márùn-ún. Ẹ lè bèèrè fún ìlà kẹfà."

"Kí ni mo máa mú wá?"

"Ẹni kan náà gbọ́dọ̀ ti dá oògùn náà dúró, kí ara rẹ̀ sì yá. Ó gbọ́dọ̀ ti padà sí i, kí àìsàn sì padà. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹlẹ́rìí kan gbọ́dọ̀ wà tó mọ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀. Oògùn wo ni, Dókítà?"

"Ààbò."

Ohùn rẹ̀ ò yí padà. "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá Ààbò dúró. Ẹni tó bá dá a dúró, Ẹ̀yìn Odi ni a óò lé e lọ. Ẹni tó bá mọ̀ tó sì dákẹ́, Ẹ̀yìn Odi ni. Mo ti ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Àgbà. Iṣẹ́ á san yín o."

Ẹ wo ọgbọ́n àwọn tó ṣe òfin yẹn. Kí ó tó di pé a gbọ́ ẹjọ́ oògùn náà, ẹni méjì gbọ́dọ̀ ti da ara wọn lẹ́bi. Ta ló máa wá sọ ọ́?

Dókítà Ṣówẹ̀mímọ́, ọ̀gá wa, wọlé lágogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá àádọ́rin ọdún ni, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ìkà èèyàn ni. Ó kí Alhaja dáadáa, ó tẹ ikùn rẹ̀ wò jẹ́jẹ́, ó ka èsì ẹ̀jẹ̀. Nígbà tó kà á tán, kò wo ojú mi mọ́.

"Tẹ ọtí, Bọ́látitó," ó wí.

"Kò mutí rí, sà."

"Ṣé mo ní ó mu ún ni?"

"Oògùn ọ̀sán yìí máa pa á, sà."

"Ó lè má pa á."

"Ẹ ti ka èsì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Ó jókòó lórí àga mi. "Ní ọdún tí ibà ẹrẹ̀ kọ́kọ́ dé, èmi àti àwọn méjì la ń gbẹ́ kòtò lẹ́yìn ilé ìwòsàn yìí. Nígbà tó yá, a ò gbẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ́, a kàn ń gbẹ́ gígùn. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi méjì, Akínlàbí àti Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, wà nínú ọ̀kan nínú àwọn kòtò gígùn yẹn, n kò sì mọ èwo.

"Ọ̀kẹ́ mẹ́fà èèyàn ló wà nínú odi yìí," Ọ̀gá ń bá a lọ. "Bí wọ́n bá gbọ́ pé Ààbò lè pa èèyàn, mélòó ni yóò la ẹnu lọ́la? Bí ìdajì bá pa ẹnu dé, oṣù mẹ́ta la máa fi padà sí ìdí kòtò."

"N kò ní kí wọ́n má lò ó, sà. Èmi náà máa lò ó lọ́sàn-án yìí. Àwọn díẹ̀ tí kò bá lára mu ni mo ní ká dá sí."

"Àwọn díẹ̀ yẹn, báwo lo ṣe fẹ́ dá wọn mọ̀ láàárín àwọn tó kàn ń bẹ̀rù?"

Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ì bá jẹ́ pé ó ń sọ ìsọkúsọ ni, ọkàn mi ì bá balẹ̀.

"Mo ń gbọ́ ẹ̀yin méjèèjì o," Alhaja wí láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ gbẹ. "Ẹ ń pín mi láàárín ara yín bí ẹran iléyá. Ṣé ẹnikẹ́ni kò ní bi mí ni?"

Ọ̀gá tẹrí ba. "Ẹ má bínú, Alhaja."

"Mo tan Ojú jẹ, mo fi oògùn pa mọ́. Ìyẹn ni mo ṣe, ẹ kọ ìyẹn. Ọtí ni n kò mu. Ogójì ọdún ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀mùtí ni mí, gbogbo ohun tí mo kọ́ wọn náà á máa rùn lọ́rùn wọn."

"Ẹ̀yìn Odi ni wọ́n máa mú yín lọ, Mà," mo wí. "Ibà ẹrẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí Ààbò."

"Ṣé èyí tó wà nínú ìgò yẹn ni n ó máa yọ̀ mọ́?" Ìrora gbá a mú, ó di irin bẹ́ẹ̀dì mú títí ó fi lọ sílẹ̀. "Bí ibà bá pa mí, ibà ló pa mí. Èèyàn máa ń kú láìsí ìtìjú nínú ibà."

Sìkírátù ti ń sunkún láti ìgbà yẹn, kò pariwo. Ó nu ojú, ó wá bọ́ síwájú gíláàsì kí ẹnikẹ́ni tó lè dá a dúró. "Akọ̀wé! Èmi ni ẹlẹ́rìí. Mo mọ̀—"

"Irọ́ ni!" N kò mọ ibi tí Alhaja ti rí agbára láti kígbe bẹ́ẹ̀. "Kò mọ nǹkan kan. Ilé ọkọ rẹ̀ ló wà. Sìkírátù, ọmọ mẹ́ta! Ta ló máa tọ́ wọn? Padà sẹ́yìn kí n tó ṣépè fún ọ."

Sìkírátù padà sẹ́yìn. Akọ̀wé ní, "A kò gba ẹlẹ́rìí yẹn. Ẹ kú ìpẹ̀tù o." Ó wá sọ pé ó ku ìṣẹ́jú méjìdínlógún kí agogo méjìlá lù.

Ìṣẹ́jú méjìdínlógún. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ìgò kékeré yẹn. N kò bímọ. Mo ní yàrá kan, àga kan, àti irúgbìn tòmátì nínú garawa. N kò sọ ìyẹn kí ẹ lè yìn mí, torí pé ohun tó wà lọ́kàn mi ní wákàtí yẹn kò dára rárá. Mo ń rò ó pé obìnrin yìí ti dàgbà, pé mo lè jáde lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn kí n sì padà wá lágogo kan. Mo rántí bí Akínlàbí ṣe gbọ̀n lórí ẹní fún ọjọ́ mẹ́rin, tí ó ń bi ìyá wa léèrè ìdí tí ilé fi kún fún omi. Mo bẹ̀rù ikú yẹn ju ohunkóhun lọ láyé mi. Mo ṣì ń bẹ̀rù rẹ̀ bí mo ṣe la ẹnu.

"Akọ̀wé, èmi ni ẹlẹ́rìí."

Ọ̀gá dìde. "Bọ́látitó."

"Orúkọ?" Akọ̀wé bèèrè, bí ẹni pé kò mọ̀ mí.

"Bọ́látitó Adéríbigbé. Dókítà wọ́ọ̀dù kejì."

"Ìgbà wo lẹ mọ̀ pé aláìsàn yìí kò lo Ààbò?"

"Láti ọdún tó kọjá. Ìgbà tó kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi ló ti sọ ọ́ fún mi."

"Lọ́dún tó kọjá, ọ̀rá ni ẹ tẹ̀."

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rá. Mo parọ́."

"Kí ló dé tí ẹ kò fi ẹjọ́ sùn?"

"Mo fẹ́ wò ó bóyá yóò tún ṣẹlẹ̀." Ọ̀rọ̀ burúkú gbáà ni, dókítà kan tó mọ̀ọ́mọ̀ ń wo aláìsàn rẹ̀ bí ó ti ń padà sínú iná. Mo gbọ́ bí Sìkírátù ṣe fa èémí. Àmọ́ ó bá òfin mu, ohun tí ẹ̀rọ náà ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Òtítọ́ inú ara Alhaja kò lè wọ inú ìwé àfi kí n fi irọ́ tèmi ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án," Akọ̀wé wí. "Ọ̀gá Àgbà, ẹ̀yin lẹ ni ìbuwọ́lù. Ṣé òtítọ́ ni ẹlẹ́rìí yìí sọ?"

Bàbá náà mọ̀ pé irọ́ ni. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó mọ̀ pé bí mo bá ti mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, n kò ní lè pa á mọ́ra fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó wo Alhaja, tó ti dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, tó ń ka nǹkan jẹ́jẹ́ sábẹ́ èémí. Ó wo ojú fèrèsé tó kọjú sí ẹ̀yìn ilé ìwòsàn, níbi tí koríko ti bo àwọn kòtò. Ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí Akọ̀wé fi tún un kí. Ó kí i pé ẹ kú ìjókòó, bẹ́ẹ̀ ó dúró.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta."

"Mo fọwọ́ sí i," Ọ̀gá wí.

Lójú gíláàsì, ìlà kejì kú. Nísàlẹ̀ ìlà márààrún, níbi tí kò sí nǹkan kan rí láti ìgbà tí mo ti di dókítà, ìlà kan tàn: oògùn. Kò ní ariwo. Níbi bẹ́ẹ̀dì keje, irin kékeré kan yọ, ó dí ẹnu ìgò Ààbò.

"A ti gba ìlà kẹfà," ni Akọ̀wé wí. "Gbogbo dókítà nínú odi lè tẹ̀ ẹ́ láti ìṣẹ́jú yìí lọ, bí ẹlẹ́rìí bá wà. A ti dá Ààbò dúró fún aláìsàn bẹ́ẹ̀dì keje. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò gbé e lọ sí Ẹ̀yìn Odi bí ó bá ti lè jókòó. Wọn óò wá mú ẹlẹ́rìí náà lọ síbẹ̀ lágogo kan. Ẹ kú ìrìn àjò o."

Sìkírátù dojú bolẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Alhaja gbé ọwọ́ lé e lórí. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, kò sì yẹ kó dúpẹ́. Ó kàn ń wò mí, ojú rẹ̀ tó ti jìn wọnú náà ń dán.

Agogo lù. Ó lù lókè ilé ìwòsàn, ó lù ní ọjà, ó lù ní Ẹ̀pẹ́ Tuntun àti ní gbogbo àdúgbò títí dé ìdí odi. Àwọn èèyàn tó ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró síbi tí wọ́n wà. Kẹ̀kẹ́ Ààbò ti ara rẹ̀ wọlé, pẹ̀lú Ojú lórí ọ̀pá rẹ̀, ó dúró níwájú Sìkírátù. Obìnrin náà la ẹnu, oògùn bọ́ sí i lórí ahọ́n, ó gbé e mì tẹkún tẹkún. Kẹ̀kẹ́ náà yí lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá. Bàbá náà gbé tirẹ̀ mì, ó wá kọjú sí ògiri.

Mo la ẹnu bí mo ṣe ń là á lójoojúmọ́ láti ọdún méjìlélógún, mo na ahọ́n síta. Kẹ̀kẹ́ náà kọjá níwájú mi láìdúró, bí ẹni pé n kò sí nínú odi mọ́, ó sì jáde lọ sí yàrá kejì. Mo ṣì dúró síbẹ̀, ẹnu mi là sílẹ̀.

"Pa ẹnu dé, ọmọ mi," Alhaja wí. "Ó ti lọ."